Pùròpẹ́là bóòtù tó sán ní abíyá: ṣé kí n jó o àbí kí n dá a padà?

Wẹ́dà Òkè-Fìà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé, torí Sátidé ni ẹni tó gbé nǹkan yìí wá ń padà bọ̀ wá gbà á.

Sitéńlẹ́ẹ̀sì ni mò ń jó níbí l'Óṣogbo. Irin àtẹ̀gùn, géètì, ìkòkò ràgàjì tí àwọn olóúnjẹ òde ìnáwó fi ń se ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ni mò ń ṣe. TIG, ìyẹn iná mànàmáná tí gáàsì ń dáàbò bò, ni mo fi ń jó o, gáàsì ágọ́ọ̀nù kì í tán nílẹ̀ mi. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọmọ iṣẹ́ ló ń béèrè. Mo mọ iṣẹ́ mi. Ohun tí wọ́n gbé wá bá mi yìí ni n kò mọ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ń wa bóòtù fún ọ̀gá kan ní Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe bóòtù akérò o, ti fàájì ni. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀, 200 HP, bó bá ti gbéra, bí ẹni ń fò ni. Lọ́jọ́ Àìkú ó sọ̀ kalẹ̀ ní Old Garage, ó gbé àpò gàrí kan dání. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo rò pé gàrí Ìjẹ̀bú ló gbé wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tú àpò, pùròpẹ́là ló yọ jáde, ó fi ìró ìyá rẹ̀ wé e bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Ẹ wò ó, nǹkan náà lẹ́wà. Apá mẹ́ta ló ní, ó ń dán débi tí mo fi rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀. Wọ́n lu "15 x 21" sára họ́ọ̀bù rẹ̀, ìyẹn ìdí àárín tí àwọn apá so mọ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé 15 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní íǹṣì, pé 21 ni íǹṣì tó yẹ kó fi ti bóòtù síwájú bó bá yípo lẹ́ẹ̀kan, bí súkúrù ṣe ń wọ igi. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni. Etí apá rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, nígbà tí mo sì yí i dé ìhà kejì, mo rí ojú ibi tí gírándà ti kọjá lábẹ́ gbogbo dídán yẹn. Ó ní àwọn tó ń fi bóòtù sáré ìje lọ́hùn-ún máa ń fá apá rẹ̀ tín-ín-rín kó lè gé omi dáadáa.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Níbi tí apá kan ti so mọ́ họ́ọ̀bù, ní abíyá rẹ̀ gan-an, ìlà kan wà níbẹ̀. Ẹ máa rò pé irun ló lẹ̀ mọ́ ọn. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 12 lọ. Mo fi èékánná fà á kọjá, èékánná há. Ó ti sán nìyẹn.

Ó jẹ́wọ́ pé òun gbá igi kan lábẹ́ omi ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Bó bá ń rọra lọ, bóòtù kì í ṣe nǹkan kan. Bó bá ti fún un níná, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á máa jó lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń wà á lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì gbáko!

Mo mú mágínẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń yẹ irin wò lọ́jà, mo gbé e sí i lára. Ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́. Ti ìkòkò àti irin àtẹ̀gùn tèmi, mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú un. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé irin mìíràn ni, mo bá gbé tọ́ọ̀ṣì TIG sílẹ̀.

Ìyàwó mi ní kí ni mò ń fa ọ̀rọ̀ gùn sí lórí ìlà tí kò gùn tó ìka, ṣé torí pé àbúrò òun ò ní sanwó ni. Kì í ṣe ti owó. Orí omi ni nǹkan yìí ń lọ, èmi alára kò sì mọ̀ wẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Jẹ́-n-jẹun:

Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ ti ń ronú jù. Ẹ fi gírándà la ojú rẹ̀, ẹ fi rọ́ọ̀dù sitéńlẹ́ẹ̀sì 316 kún un níhà méjèèjì, ẹ dán an padà. Iṣẹ́ wákàtí méjì. Ẹ gba 40,000 náírà yín kó máa lọ. Bí ẹ̀yin ò bá jó o, ẹlòmíràn á jó o.

Atukọ̀ Ẹ̀pẹ́:

Jẹ́-n-jẹun, ìwọ ò ní sí nínú bóòtù náà lọ́jọ́ tí apá yẹn bá já.

Wẹ́dà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan là ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ẹ̀jìnrìn. Pùròpẹ́là tí wọ́n ti jó rí ló wà nídìí ẹ́ńjìnnì, mo sì mọ̀, èmi ni mo sanwó fún ẹni tó jó o. Mo gbọ́ "kọ̀ọ́!" kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n bá fi òòlù gbá ìkòkò irin. Kí n tó dín iná kù, ẹ́ńjìnnì ti ń jà nídìí bóòtù bí àgbò tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ló ń fa ara wọn dọ́gba. Bí ọ̀kan bá lọ, méjì tó kù á máa fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo pa á, ó ti pẹ́ jù. Gbígbọ̀n tó ti ń gbọ̀n láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti jẹ síìlì tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, bẹ́ríìnì ti lọ, omi ti wọ inú jíà. Nígbà tí mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ọ́ìlì tó dà jáde funfun bíi mílíìkì inú agolo. Owó tí mo fi tún jíà náà ṣe tó ra pùròpẹ́là tuntun mẹ́ta. Àjẹ̀ la fi wà á dé èbúté, oòrùn ọ̀sán gangan lórí wa, ọmọ iṣẹ́ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi gúnlẹ̀.

Ibi tó ti sán ni ká wò. Ká ní etí apá lókè lọ́hùn-ún ló ti já díẹ̀ tàbí tó ká ni, ẹ lè gé e, kí ẹ jó irin mìíràn sí i, kí ẹ fá a bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. À ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n abíyá kẹ̀! Gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ló ń gbà kọjá. Tèmi ò gbà á.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àlùmí máa ń ká tàbí kó ya bó bá gbá igi, orí jíà á sì yọ. Sitéńlẹ́ẹ̀sì kì í tètè ká. Ohun tó bá gbá, inú jíà ló ń gbé e lọ. Kí àna yín yẹ ọ́ìlì jíà wò.

Bàbá Onílẹ́ẹ̀tì:

Wẹ́dà, ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó tan iná. Òṣogbo níbí lèmi náà wà, ìdí lẹ́ẹ̀tì ni mo ti lo ìgbà èwe mi, ní Machine Tools, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ, kí n tó dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kí ẹ bá wí.

Òótọ́ ni mágínẹ́ẹ̀tì rẹ sọ fún ọ. Irin ìkòkò, irú sitéńlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní 304 ni. Iná kì í sọ ọ́ di líle. Irin tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe pùròpẹ́là alágbára, 17-4 tàbí 15-5 ni, bàbà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, inú ààrò ni wọ́n sì ti ń fún un lágbára. Wọ́n á mú un gbóná dé nǹkan bí 480 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á wà níbẹ̀ fún wákàtí kan, wọ́n á wá jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Bó o bá fi TIG kọjá níbẹ̀, o ti tú agbára yẹn ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ojú ìjó. Rọ́ọ̀dù 316 tí ẹnì kan ń sọ lókè yẹn á mú un, á dán, ojú èèyàn ò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ ju irin tó yí i ká lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ á lo rọ́ọ̀dù irú tirẹ̀ gan-an, á sì gbé odindi rẹ̀ padà sínú ààrò. Ààrò wo lo ní? Ti oníbúrẹ́dì ò lè gbé e débẹ̀.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí jíà rẹ̀ bá jẹ́ 1.86, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì á yí ìgbà 1.86 kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan, pùròpẹ́là ń yí tó 2,700. Ká ní apá kan wọn kílò kan, ká ní ìwọ̀n rẹ̀ dúró ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín ọ̀pá. Agbára tó ń fẹ́ fa apá náà tu kúrò nídìí rẹ̀ lé ní kílò 800. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rìndínlógún lo so rọ̀ sí abíyá yẹn, n kò sì tíì ka omi mọ́ ọn. Omi tún ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tú u sílẹ̀, bó ṣe ń yí. Nínú wákàtí kan ṣoṣo, ó ju ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ìgbà lọ. Mú wáyà kan, tẹ̀ ẹ́ síwá, tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Kì í ṣe agbára ọwọ́ rẹ ló ń já a. Iye ìgbà tó o tẹ̀ ẹ́ ni.

Má tíì jó o, má sì tíì dá a padà. Kọ́kọ́ mọ bó ṣe gùn tó. Wá agolo mẹ́ta tí àwọn tó ń yẹ páìpù àti táńkì wò máa ń lò: ti ìfọ̀, ti pupa, ti funfun. Fọ̀ ọ́ kí òróró tán lára rẹ̀. Má fi gírándà kàn án ṣáájú o, gírándà máa ń pa ojú ìlà dé. Fọ́n pupa sí i, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó o bá fẹ́ nù ún, inú àkísà ni kó o fọ́n ohun ìfọ̀ sí, kì í ṣe ara irin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá fọ èyí tó wọ inú ìlà jáde. Lẹ́yìn náà, fọ́n funfun sí i fẹ́ẹ́rẹ́. Kó o wá jókòó kó o máa wò. Yẹ apá méjì tó kù náà wò.

Jẹ́-n-jẹun:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá lu ihò kékeré sí ibi tí ìlà náà parí sí ńkọ́, ṣé kò ní dúró níbẹ̀?

Bàbá Onílẹ́ẹ̀tì:

Wọ́n ń ṣe é lára irin pẹlẹbẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní abíyá apá tí wọ́n ti fá tín-ín-rín, irin tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ni ò ń lu ihò sí. Kí ló wá kù?

Wẹ́dà Òkè-Fìà:

Ẹ kú alẹ́ Ọjọ́bọ̀ o. Mo ti ṣe é.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń bá wọn yẹ táńkì wò ló yá mi ní agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Abẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ṣe é. Mo fọ̀ ọ́, mo fọ́n pupa, mo lọ fi àmàlà dínà ebi, mo padà dé, mo nù ún títí àkísà kò fi pupa mọ́. Ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi bí ẹni pé mo kàn ń fi àkókò ṣòfò. Mo fọ́n funfun.

Aláró ni ìyá mi. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ bí aṣọ ṣe máa ń rí bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ìkòkò aró: àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i, aró á máa yọ lójú yín, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni pupa yìí ṣe yọ. Ó kọ́kọ́ dà bí orí abẹ́rẹ́. Ó di ìlà. Ó dé ibi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, ó kọjá, ó ń lọ. Nígbà tó dúró, mo gbé téèpù sí i: mìlímítà 34. Mo yí i padà, ó ti yọ sí ìhà kejì. Lára apá kejì, níbì kan náà ní abíyá, ojú pupa kan wà níbẹ̀ tí kò tíì tó èékánná ọmọdé. Apá kẹta nìkan ló mọ́.

Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àna mi. Ó pè mí padà, ó ní ìgbà wo ni mo di dókítà. Ó ní kí n sáà dá nǹkan òun padà, pé wẹ́dà ò wọ́n ní Ẹ̀pẹ́.

Ibi tó ti wá ń dùn mí nìyẹn. Bí mo bá dá a padà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á jó o, á dán an, wọ́n á sì fi gbé èèyàn lọ sórí ọ̀sà. Bí mo bá fi gírándà gé e, nǹkan oní-nǹkan ni mo bà jẹ́. Ilé ò sì rọgbọ, ẹ mọ ọ̀rọ̀ àna.

Atukọ̀ Ẹ̀pẹ́:

Àna yín kọ́ ló ni ín. Ọ̀gá tó ni bóòtù ni kí ẹ pè. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yẹn pé wọ́n á ní òun ló gbá igi, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Mo mọ̀, torí èmi náà ti fi irú rẹ̀ pamọ́ rí. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ igi sílẹ̀, àfi tó bá béèrè.

Bàbá Onílẹ́ẹ̀tì:

Atukọ̀ ti sọ ọ́. Má fọwọ́ kàn án kí onínǹkan tó sọ̀rọ̀. Bó bá ní kó o pa á tì, já apá yẹn kó o wo inú rẹ̀ dáadáa. Èmi fẹ́ gbọ́ ohun tó o bá rí.

Wẹ́dà Òkè-Fìà:

Mo pe ọ̀gá náà lánàá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó wo fọ́tò, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Bí o bá jó o, ṣé ìwọ fúnra rẹ lè wọ bóòtù náà?" Mo ní rárá, sà. Ó ní ó tán. Ó ní kí n bà á jẹ́ pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà tún un tà. Kò béèrè ọ̀rọ̀ igi.

Bàbá, mo já a. Mo fi gírándà gé e wọlé láti etí kejì tí ìlà náà kò dé, mo dúró kí n tó dé ojú ìlà, mo há họ́ọ̀bù sínú fáìsì, mo wá gbé òòlù ńlá. Ìgbà kẹta ló já. Èyí tí òòlù mi já, eérú-eérú ni, ó ń tàn, ó rí ṣákiṣàki. Ti ìlà ògbólógbòó náà dúdú, ó jọ̀lọ̀, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì to ara wọn lé lórí rẹ̀ bí ìlà tí odò Ọ̀ṣun máa ń fi sílẹ̀ létí bèbè bí omi bá ń fà lẹ́yìn òjò. Mo gbé e lọ sínú oòrùn. Ní orísun àwọn ìlà náà, ní etí òkè, ihò wínníwínní mẹ́rin tàbí márùn-ún wà níbẹ̀, bí ojú inú búrẹ́dì.

Kò sí wẹ́dà tí kò mọ irú ihò yẹn. Gáàsì tó há sínú ojú ìjó ni. Wọ́n ti jó o rí, ẹ̀yin ọ̀gá. Níbẹ̀ gan-an. Ẹnì kan jó o, ó fá a, ó dán an, ó tà á. Iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́, n kò lè purọ́. Èmi náà ò bá má ṣe é mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Jẹ́-n-jẹun:

Háà.

Bàbá Onílẹ́ẹ̀tì:

Tọ́jú apá yẹn sí ṣọ́ọ̀bù. Má jù ú fún àwọn akóyọyọ. Màá rán ọmọ yìí wá wò ó.

Wẹ́dà Òkè-Fìà:

Ó wà lórí tábìlì mi, bàbá, kó máa bọ̀. Àna mi dé lọ́sàn-án òní. Kò bínú mọ́, ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó ra àlùmí lò ná. Ó kó èyí tó kù padà sínú àpò gàrí, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ẹgbẹ́ òun ní èbúté. Mo bi í pé ṣé ó yẹ ọ́ìlì jíà wò. Ó ní òun tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀ kí òun tó gbéra láàárọ̀, pé ohun tó jò jáde ti ń funfun díẹ̀ bí omi ẹ̀kọ.

Atukọ̀ Ẹ̀pẹ́:

Kó má tan ẹ́ńjìnnì yẹn o! Kó pààrọ̀ síìlì, kó yẹ bẹ́ríìnì àti ọ̀pá wò, kó tó de àlùmí mọ́ ọn. Ẹ pè é báyìí, kó tó wọ bọ́ọ̀sì.